Káìtì tó máa fò bí àwòdì, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Tèmi ń forí sọlẹ̀

ỌmọÌdẹ̀nà (Kétu):
Ẹ káàsán o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá lo fakáǹsì Nòẹ́lì (ìsinmi Kérésìmesì) lọ́dọ̀ wa ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí ló ní kí n ṣe cerf-volant fún òun, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní káìtì, mo bá fi ọparun méjì dá àgbélébùú, mo fi sáṣẹ̀ (ọ̀rá) dúdú bò ó, mo so ìrù gígùn mọ́ ọn, ó sì fò. Ó fò dáadáa o. Àfi bí ọmọ yẹn ṣe wò ó títí tó ní "tọ̀ntọ́n (ọ́ńkù), èyí ò fò bí ẹyẹ, bí ewé ló ṣe ń fò." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun.

Látọjọ́ náà ni mo ti ń wo àwọn àwòdì tó máa ń rábàbà lókè ọjà, lápá ibi táwọn alápatà wà. Wọn kì í ṣòpò ju apá rárá. Wọ́n á kàn na apá sílẹ̀ máa yí po, ìrù wọn nìkan ló ń yí sọ́tùn-ún yí sósì bí ẹni ń fi àjẹ̀ darí ọkọ̀. Mo wá padà sílé, mo gé sáṣẹ̀ bí ẹyẹ, apá ẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun lé ní mítà kan díẹ̀, mo ṣe ìrù oníméjì fún un, orí, ẹnu, gbogbo ẹ̀ pátá, mo tún kun ojú fún un. Mo jù ú sókè, ó lọ tó mítà mẹ́ta, ó yí sósì, ó tún yí sósì, gbàà, ó forí sọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀meje nìyẹn o, igi imú ẹ̀ ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ yẹn ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́, àánú mi ló ń ṣe é. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ dáadáa láàárọ̀ nítorí náà kì í ṣe pé atẹ́gùn ò sí. Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa?

Ẹlẹ́jaÀjàṣẹ́:
Hahaha ẹ̀gbọ́n ẹ kú ìyà o. Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Tiyín ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ilẹ̀ ló bá lọ 😂

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ná, ta ló fún nǹkan yìí lórúkọ lédè Faransé? Cerf ni àgbọ̀nrín, volant ni èyí tó ń fò. Ta ló rí àgbọ̀nrín tó ń fò rí? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀ ọ́n sọ, kite tí wọ́n ń pe àwòdì náà ni wọ́n ń pe eléyìí. Wọ́n ní àwọn ará Màléṣíà náà bẹ́ẹ̀, layang-layang ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀, òun náà ni káìtì.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo máa wá mótò kékeré sí i o. Mo rí fídíò ẹyẹ kan tí ilé iṣẹ́ Festo ní Jámánì ṣe ní 2011, SmartBird lorúkọ ẹ̀, apá ẹ̀ tó mítà méjì, gbogbo ara ẹ̀ ò sì tó ìdajì kílò, ó ń ju apá gbè gbè gbè bí ẹyẹ etíkun gan-an.

ÒkèSàbẹ́:
Mótò kẹ̀? Ará Àjàṣẹ́, ẹ̀yin ẹ fẹ́ náwó olówó. Ẹyẹ Jámánì yẹn kì í ṣe káìtì, òun ń gbé ara ẹ̀ fò. Ẹyẹ tó ń ju apá ò sì tuntun, òyìnbó Faransé kan, Alphonse Pénaud, ti ṣe kékeré ẹ̀ ní 1874, rọ́bà tí wọ́n lọ́ ló ń gbé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni àbúrò wa bèèrè. Àwòdì ló ní òun fẹ́, ẹnu ara ẹ̀ ló sì fi sọ ọ́ pé àwòdì kì í ṣòpò ju apá. Ìdajì iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Sàbẹ́ ni mo wà, ẹ̀gbẹ́ àpáta nilé wa. Ní ọ̀sán tí oòrùn bá ti mú àpáta gbóná, atẹ́gùn máa ń gòkè lára ẹ̀, àwọn àwòdì á sì kàn sùn lé e lórí bí ẹni sùn lórí ẹní. Bákan náà ni tí wọ́n bá ń sun igbó, wọ́n á pé jọ síbẹ̀ tìtorí tata tó ń sá fún iná. Mo ti wò wọ́n débi pé ìyàwó mi ní tí mo bá fẹ́ kí n lọ fẹ́ wọn. Ohun tí mo rí ni pé iwájú apá wọn ló le, ẹ̀yìn ẹ̀ rọ̀. Ìyẹ́ tó wà ní ìkángun ń tẹ̀ sókè tí atẹ́gùn bá fún un, tí atẹ́gùn bá dẹ̀ á padà wálẹ̀. Ohun tó ń mú ojú rò pé ẹyẹ ni nìyẹn, kì í ṣe ẹnu tóo gé sí i. Káìtì tí gbogbo ara ẹ̀ le bí ilẹ̀kùn, bí ilẹ̀kùn ló máa fò.

Wàyí o, ìdí tó fi ń ṣubú. Ẹyẹ ní ọpọlọ, kó tó yẹ̀ ló ti tún ara ẹ̀ ṣe. Káìtì ò ní ọpọlọ, bóo bá ṣe kọ́ ara ẹ̀ ló máa tún un ṣe. Àgbélébùú rẹ àkọ́kọ́ fò torí pé ìrù gígùn yẹn ń fà á bọ̀ sípò, o wá já ìrù yẹn kúrò o ò fi nǹkankan dípò ẹ̀. Apá tó tẹ́ pẹrẹsẹ ò lè dúró láìní ìrù, àfi kóo tẹ̀ ẹ́. So okùn láti ìkángun apá kan dé ìkejì gba ẹ̀yìn ẹ̀, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tí ò kọjú sí ọ, fà á kó tẹ̀ bí ọrun. Tí apá bá jẹ́ mítà kan, láàárín gbùngbùn kí àlàfo okùn sí igi tó sàǹtìmítà mẹ́wàá. Nígbà yẹn tó bá fẹ́ yẹ̀ sósì, apá òsì á tẹ́ sí atẹ́gùn ju ọ̀tún lọ, atẹ́gùn fúnra ẹ̀ á tì í padà.

Yíyí sósì yẹn nìkan tún ní tiẹ̀. Mo fẹ́ fi adìyẹ kan ta á pé ọparun kan gbọọrọ lo fi ṣe apá méjèèjì. Ìdí ọparun nípọn ó sì wúwo ju orí ẹ̀ lọ, nítorí náà apá kan wúwo, ìkejì fúyẹ́. La ọparun kan náà sí méjì, kóo fi ìdí méjèèjì pàdé ní èjìká, kí orí méjèèjì máa lọ sí ìkángun, so wọ́n pọ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà gbé e lé ìka kan láàárín, èyí tó bá wọlẹ̀ nínú wọn kóo fá díẹ̀ kúrò lára ẹ̀. Wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀, èjìká á le, ìkángun á rọ̀, bí ti ẹyẹ gẹ́lẹ́. Má fi igi kankan sí ẹ̀yìn apá o, jẹ́ kí aṣọ ibẹ̀ máa mì.

Okùn tó wà láyà ẹ̀ (èmi ń pè é ní ìjánu torí bíi ti ẹṣin ló rí) kó jẹ́ méjì, ọ̀kan ní èjìká, ọ̀kan nítòsí ìdí ìrù, ibi tí wọ́n ti pàdé kóo ta kókó tó ṣeé sún. Tó bá ń fa okùn gan-an ṣùgbọ́n tí ò gòkè, tó ń yí gbirigbiri, sún kókó sọ́nà orí. Tó bá ń gbọ̀n jìnnìjìnnì tí ò fa okùn rárá, sún un sọ́nà ìrù. Ìwọ̀n ìka kan péré ni lẹ́ẹ̀kan o, má kánjú.

AránṣọÀjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọkùnrin. Igi, igi, igi, kò sẹ́ni tó bèèrè aṣọ. Sáṣẹ̀ yẹn lọ̀tá àkọ́kọ́, tí atẹ́gùn bá ti fà á ó nà nìyẹn, kì í padà, apá tó bá kọ́kọ́ nà ni ẹyẹ á máa yẹ̀ sí. Ẹ wá agboòrùn tó ti bàjẹ́, ó pọ̀ lórí ààtàn, aṣọ ara ẹ̀ fúyẹ́, kì í sì í mumi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Gbogbo aṣọ ló ní òwú tó lọ lóòró àti èyí tó lọ níbùú. Ẹ fà á lóòró, kò ní gbà. Ẹ fà á láti igun dé igun, ohun tí àwa ń pè ní biyẹ́, ó ń nà bí rọ́bà. Ẹ̀yin á gé apá ọ̀tún lóòró tán, ẹ á wá fi èyí tó ṣẹ́kù gé tòsì ní ìdàkudà kí aṣọ má bàa ṣòfò (mo mọ̀ yín, ọmọ iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ fi irú ẹ̀ ba búbá oníbàárà jẹ́), igi ìbáà dọ́gba títí apá méjèèjì ò ní gba atẹ́gùn bákan náà. Ẹ pa aṣọ po sí méjì, ẹ gé apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí òwú tó lọ lóòró bá ẹ̀yìn ẹyẹ lọ, láti orí sí ìrù.

Agbẹ́gilére (Kétu):
Ọmọ Ìdẹ̀nà, ará ilé ni wá, ilé tí wọ́n ti ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Ẹ mọ̀ pé àwọn ère kan wà lórí igi yẹn tó máa ń mira, ẹyẹ á máa ṣá ejò, ejò náà á máa gbórí, okùn lẹni tó gbé e ń fà lábẹ́ aṣọ. Èmi náà ní kí n lo ọgbọ́n yẹn fún káìtì lọ́dún tó kọjá, mo gé apá ní èjìká, mo fi awọ so ó, kó lè máa jù ú. Bí atẹ́gùn ṣe gbé e báyìí apá méjèèjì pàdé lókè bí ìwé tí wọ́n pa dé. Ó já bọ́ sórí òrùlé ìyá arúgbó kan, ẹ má bèèrè ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu màmá.

Tóo bá fẹ́ kí apá máa ṣe bí ẹni ń jù, má fọwọ́ kan èjìká. Ìdá kan nínú mẹ́ta tó gbẹ̀yìn lápá ni kóo dín agbára ẹ̀ kù, gé ọparun kúrú níbẹ̀ kóo fi ọwá ọ̀pẹ tútù tóo fá dáadáa so mọ́ ọn. Òun á máa tẹ̀, á máa padà fúnra ẹ̀. Ìrù náà, ọwá méjì tó tín-ín-rín ti tó o. Ohunkóhun tó bá wúwo nídìí ẹyẹ, ìdí ló máa fi jókòó.

ỌmọÌdẹ̀nà (Kétu):
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á gbè yín. Ẹ̀gbọ́n Sàbẹ́, ẹ wá gba adìyẹ yín, ọparun kan gbọọrọ ni lóòótọ́. Tàntí aránṣọ, ẹ̀yin náà ẹ jàre, torí sáṣẹ̀ ọ̀tún àti tòsì ò tiẹ̀ wá látara sáṣẹ̀ kan náà.

Mo ti tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Agboòrùn dúdú ni mo rí, ọjọ́ méjì ni mo fi fá ọparun. Láàárọ̀ yìí la lọ sí pápá bọ́ọ̀lù, ó gbéra lọ́wọ́ mi kí n tó sáré rárá, ó dúró lókè, ìkángun apá ẹ̀ ń tẹ̀ ń padà, ọmọ yẹn pariwo débi pé àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù dúró wò ó. Àfi nǹkan kan ló kù, ó ń fi ìdí jó. Sọ́tùn-ún sósì, sọ́tùn-ún sósì, kò sinmi, bí atẹ́gùn bá ti wá le báyìí ó máa ń fẹ́ bì.

ÒkèSàbẹ́:
Orí ẹ tóbi jù. Orí káìtì ni mò ń sọ o, kì í ṣe tìẹ 😄 Aṣọ tó bá wà níwájú ìjánu ń wá bó ṣe máa gba ẹ̀yìn, èyí tó wà lẹ́yìn ló ń mú un tọ́. Gé orí yẹn kù sí ìdajì, ojú tóo kùn bá a lọ, ẹni tó wà nílẹ̀ ò rí i tẹ́lẹ̀. Tó bá ṣì ń jó, so òwú dúdú tó tó mítà méjì mọ́ ìdí ìrù, kóo fi aṣọ kékeré rán bí àrọ sí ìkángun ẹ̀, kẹ́nu ẹ̀ kọjú sí atẹ́gùn. Òun á máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ojú ò ní rí òwú yẹn. Ọgbọ́n ẹ̀tàn ni, mo gbà, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

ZẹmKétu:
Ẹ̀yin tó ń ṣe ẹyẹ, ẹ rántí àwa tó ń gun ọ̀kadà. Okùn ìpẹja tó bá fà kọjá lójú gúdúrọ́ọ̀nù (títì ọlọ́dà), a ò rí i, ọrùn la fi ń rí i. Ẹ lọ sí gbangba. Tó bá sì há sára wáyà iná, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi igi yọ ọ́, ẹ má rán ọmọ gùn ún.

ỌmọÌdẹ̀nà (Kétu):
Ẹ̀gbọ́n zẹm, mo gbọ́ o, pápá la máa ń lò, kò súnmọ́ wáyà. Mo ti gé orí ẹ̀, mo ti so àrọ mọ́ ọn, jíjó yẹn dín kù gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tòní fún yín. Nírọ̀lẹ́ yìí atẹ́gùn gbé e gba òkè ẹ̀yìnkùlé màmá mi, àgbébọ̀ adìyẹ tó ní ọmọ mẹ́jọ bá figbe ta, ó na apá, gbogbo ọmọ ẹ̀ sá wọ abẹ́ ẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní "tọ̀ntọ́n, adìyẹ gbà." Inú mi dùn kọjá sísọ. Ìgbà yẹn ni màmá yọjú láti ilé ìdáná, tí wọ́n wo òkè, tí wọ́n wo oòrùn tó ń wọ̀, wọ́n ní kí n yáa sọ ohun yẹn kalẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú, pé ní Kétu níbí, tí ẹyẹ dúdú bá ń rábàbà lórí ilé ẹni lálẹ́, ta ni máa lọ máa ṣàlàyé fún àdúgbò pé agboòrùn ni?