Ọmọ mi, kẹ̀kẹ́ orí òkè, àti èrò ojú ọ̀nà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Marin ní ìpínlẹ̀ California là ń gbé, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè láti bí ọdún 1976. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 14, ti wọ ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ iléèwé rẹ̀. Ara rẹ̀ le, kò ráyè fóònù mọ́, mo dúpẹ́.

Èrò ni wàhálà ibẹ̀. Tó bá di Sátidé, ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin, àwọn tó ń fa ajá, àti ogún ọmọ ẹgbẹ́ náà tó gun kẹ̀kẹ́ tò tẹ̀ lé ara wọn, gbogbo wọn á kún ojú ọ̀nà orí òkè. Òfin ni pé kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 15 ní wákàtí kan lọ, 5 péré tó bá fẹ́ kọjá lára èèyàn tàbí ní kọ́nà téèyàn ò ti ríwájú. Kẹ̀kẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Ẹ wá sọ ìyẹn fún ọmọ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sá lọ níwájú!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá àgbàlagbà kan pariwo mọ́ ọn pé díẹ̀ ló kù kó gbá òun. Ọmọ mi ní òun ṣáà tẹ aago kẹ̀kẹ́ òun. Mo ní ṣé aago la fi ń kí àgbà nílé wa? Bàbá rẹ̀ ní kó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe irú eré yìí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ṣé ká bẹ kóòṣì kó pín wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà, àbí kí wọ́n máa jáde ní ìdájí ọjọ́ Sunday? Ṣọ́ọ̀ṣì wá ńkọ́?