Ṣé kí n yáwó báńkì ni àbí kí n ta ìpín iléeṣẹ́ mi?

Ọmọ Ṣakí: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èlùbọ́ ni mò ń ṣe ní Ṣakí, mò ń dì í sínú ọ̀rá kó lọ sí Èkó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí àpáta la máa ń sá gbodo sí, mo sì ń jèrè tó 600,000 náírà lóṣù. Bí òjò bá ti dé, wàhálà dé. Lóṣù kẹfà tó kọjá, àpò mẹ́rìnlá bu mọ́ mi lọ́wọ́, gbogbo ara wọn funfun bí òwú.

Ẹ̀rọ onígáàsì tó ń mú gbodo gbẹ ni mo fẹ́ rà, mílíọ̀nù 9. Báńkì ní èlé 32 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, kí n sì fi ìwé ilé bàbá wa ṣe ìdúró. Oníbàárà mi kan l'Ékòó ní òun ò gba èlé, ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún iléeṣẹ́ ni kí n fún òun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣì ń gbé inú ilé yẹn o.

Ìyá Bódìjà: Ọmọ mi, má fọwọ́ kan ìwé ilé! Èlé ọdún kan péré, 2,880,000 ni, o ò sì tíì dá kọ́bọ̀ padà nínú ojú owó. Láti ìgbà tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti gbé èlé tiwọn dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kọkànlá 2024, ta ló tún ń rí owó báńkì tó dẹrùn? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọjà wa lèmi fi ra ẹ̀rọ ìlọta. Ìlọ́po méjì ohun tí mo ní níbẹ̀ ni wọ́n yá mi, oníduùró méjì, ó tán. Ra ẹ̀rọ kékeré ná.

Lọ́yà Kékeré: Ẹ má bínú, Ìyá, ẹ̀rọ kékeré kò lè gba àpò mẹ́rìnlá. Àbúrò, 30 yẹn ni kó o tún wò. Nínú CAMA 2020, òfin tó ń darí àwọn iléeṣẹ́, bẹ́ ẹ bá fẹ́ yí orúkọ iléeṣẹ́ padà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò ló gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn. Ẹni tó ní 30 lè dá a dúró lóun nìkan. Tó bá jẹ́ 25, kò lè ṣe é.

Ọmọ Ṣakí: Ẹ ṣé gan-an. Mo pe oníbàárà mi láàárọ̀ yìí. Ó gbà fún 25, àmọ́ ó ní òun á máa yẹ ìwé owó wò lóṣooṣù. Ìwé owó wo? Inú fóònù ni mò ń kọ gbogbo ẹ̀ sí, pẹ̀lú gbèsè àwọn aládùúgbò. Ta ló mọ ẹni tó lè bá mi tò ó?