Màmá ará Norway tí mo tọ́jú ní North Dakota

Ẹ̀yin ará, mo ti ka ohun tí ẹ kọ nípa àwọn àgbàlagbà tí ẹ ń tọ́jú lókè òkun. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ti màmá kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ilé ìtọ́jú arúgbó tí a ti pàdé. North Dakota ní Amẹ́ríkà ni, ó tán. Ó ti di olóògbé. Kó tó lọ, ó ní kí n máa sọ ìtàn ilé bàbá òun fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, nítorí òun ò bímọ.

Pánlá ló là á lẹ́nu. Mo gbé ẹ̀fọ́ wá síbi iṣẹ́ nígbà òtútù, mo sì gbé e gbóná ní yàrá oúnjẹ. Àwọn kan ń bo imú. Màmá, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí n gbé abọ́ náà wá kí òun wò ó. Ó ní, "Ẹja wa nìyí." Òótọ́ ló sọ. Pánlá gidi, èyí tí kò ní iyọ̀, ní Lofoten ní àríwá Norway ni wọ́n ti ń so ó kọ́ sórí igi kí afẹ́fẹ́ tútù gbẹ ẹ́. Ilé tiwọn a máa rẹ irú ẹja gbígbẹ bẹ́ẹ̀ sínú omi eérú títí yóò fi rọ̀, kí wọ́n tó fi omi tútù ṣàn án dáadáa, kí wọ́n sì sè é fún Kérésì. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ̀ wá láti Sogn, ní ìwọ̀ oòrùn Norway, níbi tí òkè olókùúta ti dà gbọ̀ọ̀rọ̀ wọnú òkun. Ìwọ̀nba ìdá 3 nínú 100 ilẹ̀ Norway ló ṣeé dáko sí. Láyé ìgbà náà, àkọ́bí ọkùnrin ló sì ń jogún oko. Àwọn àbúrò á di alágbàṣe, tàbí kí wọ́n gba igun kékeré lórí ilẹ̀ onílẹ̀, kí wọ́n máa fi iṣẹ́ ọwọ́ san án. Bàbá Màmá kì í ṣe àkọ́bí. Ọ̀nà Amẹ́ríkà ti là nígbà náà: ní 1825 ni ọkọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Restauration gbé èèyàn 52 kúrò ní Stavanger, wọ́n bí ọmọ kan lójú omi, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí New York ní 53. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó bá ọ̀nà náà lọ ju 800,000 lọ. Jápa tiwọn nìyẹn.

Bàbá Màmá wọkọ̀ ní Bergen ní Norway lọ sí Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ rélùwéè lọ sí Liverpool, ibẹ̀ ló ti wọ ọkọ̀ ńlá. Àpótí onígi kan ló gbé dání, òdòdó aláràbarà ni wọ́n yà sí i lára, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún 1905 síwájú. Àpótí yẹn ni Màmá gbé sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, lẹ́tà sì kún inú rẹ̀.

Òfin ìpínlẹ̀-oko Amẹ́ríkà ti 1862, tí wọ́n ń pè ní Homestead Act, ló fún bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá ti pé ọdún 21, tó sì ti kéde pé òun fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà, lè gba 160 éékà. Bó bá kọ́lé síbẹ̀, tó dáko níbẹ̀ fún ọdún 5, ó lè di tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Devils Lake ni ilẹ̀ tiwọn wà, nínú èyí tí ìjọba fi àdéhùn yà sọ́tọ̀ fún àwọn Dakota, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1867, tí ìjọba kan náà sì ṣí sílẹ̀ fún àlejò ní 1904. Màmá kì í fo apá yìí. Ó ní bàbá òun kò jalè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹlòmíràn ló tọ́ àwọn dàgbà. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, torí mo ti bá àwọn míì pàdé tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ rárá.

Ìyá rẹ̀ kò tíì pé ogún ọdún nígbà tó dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Minnesota ló fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ó sì ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ títí ó fi san gbèsè náà tán. Ilé pákó tí wọ́n fi bébà ọlọ́dà bò ni òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé.

Ọ̀dá ọdún 1930 síwájú ni Màmá fúnra rẹ̀ rí. Àlìkámà kò so. Ẹ̀gún gbígbẹ ni wọ́n ń kó fún màálù jẹ. Ọdún 1936 ni North Dakota rí òtútù àti ooru tó tíì le jù nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀: ní Fẹ́búárì, 51 ní ìsàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, ní Júláì, 49. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá. Ó ní ìyá òun a máa fi aṣọ tútù dí ojú fèrèsé kí eruku má baà bo ọmọ jòjòló. Bàbá wọn kọ̀, kò ta ilẹ̀ náà.

Apá tó dùn mí jù rèé. Nígbà tí bàbá dàgbà, ẹ̀gbọ́n Màmá ọkùnrin nìkan ló fi gbogbo oko náà fún. Kò sí òfin Amẹ́ríkà tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó lé òun fúnra rẹ̀ kúrò ní Sogn ló tún ṣe sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tó ti fún wàrà màálù ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ láti kékeré. Màmá di tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan. Mo sọ fún un pé nílé wa, bí a bá fi ìdí-igi pín ogún, obìnrin ní ìpín tirẹ̀ lábẹ́ ìyá rẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Ó wá sọ fún mi pé Norway náà ti yí òfin oko jíjogún padà ní 1974 kí ọmọbìnrin lè bá ọmọkùnrin dọ́gba. Ó ti pẹ́ jù fún òun.

Àpótí ni wọ́n fún un, torí kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ ni gbogbo ìdílé wà: lẹ́tà láti Sogn, ta ló kú, ta ló ṣègbéyàwó, èló ni wọ́n ta màálù. Òun nìkan ló lè kà á nínú àwọn ọmọ yòókù. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìran wọn lórí Digitalarkivet, níbi tí Norway kó ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì sí lọ́fẹ̀ẹ́, orúkọ ìdílé wọn kò jáde rárá. Màmá ló ṣàlàyé. Láyé ìgbà náà, bí bàbá bá ń jẹ́ Ole, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á máa jẹ́ Olsen, obìnrin á máa jẹ́ Olsdatter, orúkọ oko tí wọ́n ń gbé á sì tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá kó lọ sí oko míì, orúkọ yẹn á yí padà. Orúkọ oko ni bàbá rẹ̀ gbé dé Amẹ́ríkà. Wọ́n fi orúkọ bàbá bàbá wá a, wọ́n sì rí i.

Ti ìyá rẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Màmá kú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n náà kọ̀wé sí mi pé àwọn ti rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìrìbọmi, àti ti ìyá tó bí i. Ó ti ń kọ́ èdè náà báyìí kó lè ka àwọn lẹ́tà yòókù fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Minnesota, Wisconsin àti Iowa, ó dájú pé ẹ ti tọ́jú irú wọn rí. Kí ni wọ́n sọ fún yín?