Ẹ gbà mí o, igi maple mi fẹ́ kú sínú ìkòkò

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọwọ́ igi. Manchester ni mo wà. Japanese maple mi, tí ewé rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ti ń gbẹ létí ewé láti oṣù Keje. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo wá ń bomi rin ín láràárọ̀. Àṣé ihò ìdí ìkòkò ti dí! Ìgbà tí mo fà á yọ, gbòǹgbò mélòó kan ti dúdú, wọ́n ń rùn bí omi ògì ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Mo fi èékánná ha èèpo rẹ̀: ẹ̀ka òkè ti gbẹ, ìsàlẹ̀ ṣì tutù. Ṣé kí n gé gbòǹgbò tó rà, kí n pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ báyìí, àbí kó di ìparí òtútù, kó tó rúwé? Ìyàwó mi ní kí n gbé e sọnù. Mi ò gbà.