Oògùn wọ ṣáláńgá tó sún mọ́ kànga wa: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ là ń gbé, omi kànga la sì ń mu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ayálégbé wa kan níbi tó ti ń da oògùn tó ti kọjá àkókò sínú ṣáláńgá: kápúsù pupa-òun-dúdú ẹ̀kúnwọ́ kan, àti oògùn ìfètòsọ́mọbíbí páálí méjì. Ṣáláńgá yẹn kò ju ìṣísẹ̀ 15 lọ sí kànga. Àbúrò mi tó lóyún wà lọ́dọ̀ wa, omi yìí náà ló ń mu.

Mo mọ̀ pé sísè ń pa kòkòrò, àmọ́ kì í mú oògùn kúrò. Alọ́ọ̀mù náà, ìdọ̀tí nìkan ló ń rẹ̀ sísàlẹ̀. Ní Kánádà, láti 2001 sí 2003, àwọn onímọ̀ fi èròjà inú oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, ìba díẹ̀ péré, sínú adágún kan. Akọ ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í ní èròjà ẹyin lára, irú ẹja kékeré kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán níbẹ̀. Èèyàn kì í ṣe ẹja lóòótọ́, ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí mọ́.

Baba onílé ní kànga náà kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Ta ló ti lo asẹ́ eléèédú nínú yín? Oṣù mélòó lẹ fi ń pààrọ̀ èédú rẹ̀? Ibo ni wọ́n ti ń gba oògùn tó ti bàjẹ́ ní Ifẹ̀? Báwo ni mo sì ṣe lè bá ayálégbé yìí sọ ọ́ tí kò ní dìjà?