Akokoro, ẹ̀rù àti owó ìtọ́jú eyín ní London

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ilé o. Akokoro ti mú ọ̀kan nínú eyín ẹ̀yìn mi láti oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fa eyín mi ní kékeré kí abẹ́rẹ́ tó mú ẹnu mi kú tipiri, ariwo ẹ̀rọ wọn nìkan ti tó láti mú kí àtẹ́lẹwọ́ mi máa làágùn. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní kí n san £950 fún ìtọ́jú gbòǹgbò eyín náà àti ìbòrí tí wọn yóò fi dé e. £700 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ mi lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Bàbá Àkànní:
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ wá oníṣègùn eyín tí ń gba aláìsàn NHS (ètò ìlera ìjọba), bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò wọ́pọ̀ mọ́. Nínú iye owó tí England kéde fún oṣù kẹrin ọdún 2025, £75.30 ni ìtọ́jú gbòǹgbò. Bí ìbòrí bá kún un, gbogbo rẹ̀ di £326.70. Bí àwọn ìbejì kò bá tíì pé ọdún kan, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ agbẹ̀bí yín.

Ọmọ Ìbàdàn:
Ní ti ẹ̀rù, ẹ sọ ọ́ fún wọn kí ẹ tó jókòó. Àdéhùn tèmi ni pé bí mo bá ti na ọwọ́ òsì sókè, oníṣègùn yóò dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo nà án lọ́jọ́ àkọ́kọ́ (ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín), ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Ìbejì:
Oṣù mẹ́wàá ni àwọn ìbejì mi! Ẹ ṣeun, n óò pe agbẹ̀bí láàárọ̀ ọ̀la.