Airboat àlòkù fún orí yìnyín: ẹ dá mi lóhùn kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́

Ọmọ Ọlọ́fà, Duluth: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú òtútù o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa airboat kó tètè dá mi lóhùn, ọkàn mi ò balẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan rí àlòkù kan tá a fẹ́ máa fi gbé àwọn apẹja lọ sórí yìnyín Lake Superior. Alumíníọ̀mù lara ẹ̀, ẹ́ńjìnì Chevrolet V8 ló wà lẹ́yìn ẹ̀, Florida ni wọ́n ti gbé e wá. Ẹni tó ń tà á ní tówó ò bá pé kí aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la tó lù, òun á tà á fún ẹlòmíì. Mo ti fi àsansílẹ̀ ránṣẹ́. Ìyàwó mi ò tíì mọ̀. Kí ni kí n wò lára ẹ̀? Ẹnì kan tún ní òmíì tó ń lo ẹ́ńjìnì bàálù, owó tiẹ̀ ga díẹ̀. Èwo ni kí n mú?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Àbúrò, kí ló ń jẹ́ airboat? Ọkọ̀ ojú omi ni àbí bàálù?

Ọmọ Òró, Green Bay: Ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó gbé abẹ̀bẹ̀ bàálù sẹ́yìn ni, Ìyá Ìbejì. Kò sí ohun tó ń yí nínú omi lábẹ́ ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè sáré lórí yìnyín, tí yìnyín bá sì ya, á bọ́ sómi, á tún gun yìnyín lódìkejì. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yọ èèyàn nínú ewu lórí adágún níbí náà ń lò ó. Ọmọ Ọlọ́fà, má fi kọ́bọ̀ kún àsansílẹ̀ yẹn o. Ẹni tó bá ń sáré lé ọ sówó, ó ní ohun tí kò fẹ́ kó o rí.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ìyàwó ẹ ò sì mọ̀? Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kó o kọ́kọ́ tún ṣe.

Àáfà Pákátà, Winnipeg: Subhanallah! Florida! Àbúrò, dúró níbẹ̀. Florida ni tèmi náà ti wá, V8 bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Oṣù kẹjọ ni mo wò ó, oòrùn ń ràn, ẹ́ńjìnì ń dún dáadáa, ó sáré lórí omi títí inú mi fi dùn. Mo fà á wọ Manitoba. Oṣù kọkànlá dé, òtútù òru kan ṣoṣo, búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì sán. Omi lásán ló wà nínú rédíétọ̀! Níbi tó ti wá, omi kì í dì, omi ẹ̀rọ ni ẹni tó ni ín ń bù sí i. Owó tí mo fi wá ẹ́ńjìnì mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo ra ọkọ̀ náà.

Ẹlẹ́ńjìnì Àjàsẹ́, Calgary: Àáfà, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ ò ṣí ìdérí rédíétọ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó?

Àáfà Pákátà, Winnipeg: Ẹni tó tà á mọ̀ pé Winnipeg ni mò ń gbé e lọ. Òun ló yẹ kó sọ. Nínú ẹ̀sìn tiwa, ẹni tó bá ń ta ọjà tó lábùkù gbọ́dọ̀ fi àbùkù náà han ẹni tó fẹ́ rà á.

Ẹlẹ́ńjìnì Àjàsẹ́, Calgary: Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ọkọ̀ yẹn wà nígbà náà, wọn ò ka omi inú ẹ̀ sí àbùkù. Ìgbà tẹ́ ẹ gbé e kọjá bọ́dà ló di àbùkù. Ẹni tó mọ ibi tí nǹkan ń lọ ló ni àyẹ̀wò.

Ẹ̀gbọ́n Òmù-Àrán, Houston: Èmi ò tiẹ̀ gbà pé omi ló fọ́ ọ. Mo rò pé búlọ́ọ̀kù yẹn ti sán kó tó kúrò ní Florida. Òtútù kàn wá parí iṣẹ́ ni.

Ẹlẹ́ńjìnì Àjàsẹ́, Calgary: Ẹ̀gbọ́n, èyí rọrùn láti mọ̀. Tí búlọ́ọ̀kù bá ti sán sínú, tàbí tí gáskẹ́ẹ̀tì ti jó, omi á wọ inú ọ́ìlì. Ẹ fa gééjì yọ, ẹ ó rí ọ́ìlì tó funfun bí àkàmù. Àáfà, ẹ fa gééjì lọ́jọ́ yẹn?

Àáfà Pákátà, Winnipeg: Mo fà á. Ọ́ìlì mọ́, kò sí funfun kankan níbẹ̀.

Ẹlẹ́ńjìnì Àjàsẹ́, Calgary: Òtútù ló fọ́ ọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Òmù-Àrán, ẹjọ́ ti tán.

Ẹ̀gbọ́n Òmù-Àrán, Houston: Kò tíì tán. Búlọ́ọ̀kù lè sán síta, kí omi máa jò jáde díẹ̀díẹ̀ láìkan ọ́ìlì. Àáfà, ṣé ẹ rí ipata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì?

Àáfà Pákátà, Winnipeg: Gbogbo ohun tó ti Florida wá ló ní ipata.

Ọmọ Òró, Green Bay: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dá àbúrò yìí lóhùn kí ọ̀sán ọ̀la tó pọ́n. Àbúrò, ra ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń fa kúláǹtì wò, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀ kó má baà dì, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, mú un dání lọ. Tá a bá po kúláǹtì mọ́ omi ní ìlàjì sí ìlàjì, kò ní dì títí òtútù á fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 37 sísàlẹ̀ òdo lórí Celsius. Ní tiyín ní Winnipeg, Àáfà, kúláǹtì 60 sí omi 40 ló dára.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kó o sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan ẹ́ńjìnì kó o tó dé. Tó o bá débẹ̀ tó o fọwọ́ kàn án tó ti gbóná, ó ti bá ọ mú un gbóná kó o má baà rí bó ṣe ń ṣe láàárọ̀ òtútù. Padà sílé.

Ọmọ Ọlọ́fà, Duluth: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ara ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Nínú fọ́tò, ìsàlẹ̀ ẹ̀ funfun, ó ń dán.

Ọmọ Òró, Green Bay: Dídán yẹn gan-an lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Pọ́límà, ìyẹn ike líle, lohun funfun yẹn, ó nípọn bí ìdajì íǹṣì tàbí kó dín díẹ̀, òun ló ń gba ìyà yìnyín kí alumíníọ̀mù má baà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń bo nǹkan. Èmi ra ọ̀kan tí pọ́límà ẹ̀ jẹ́ tuntun, mo ń yọ̀. Nígbà tí mo tú u, àwọn egungun inú ọkọ̀ ti kán, wọ́n kàn fi pọ́límà tuntun bò ó ni.

Nítorí náà, sọ pé kí wọ́n gbé e kúrò lórí tírélà. Dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Wo orí àwọn nọ́ọ̀tì tó di pọ́límà mú: tí yìnyín bá ti ha orí wọn tán, kò sóhun tó dì í mú mọ́. Fi àtàǹpàkò tẹ etí ẹ̀ níwájú. Tó bá ń mì, omi ti ń wọ àárín ẹ̀, omi yẹn á dì, á sì máa tì í kúrò lára ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ṣí pákó ilẹ̀ ọkọ̀, tan tọ́ọ̀ṣì sínú, wo gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀, pàápàá jù lọ ìdí irin tó gbé ẹ́ńjìnì dúró. Tó o bá rí eruku dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ tó yí orí nọ́ọ̀tì tàbí rífẹ́ẹ̀tì kan ká, fi ìka nù ún. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Alumíníọ̀mù tó ń ha ara ẹ̀ ló ń di eruku dúdú bẹ́ẹ̀, ohun tó sì ń ha ara ẹ̀ ti tú. Béèrè bóyá fóòmù wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Fóòmù àtijọ́ máa ń mu omi, ọkọ̀ á wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, tí kò sì ní lè gun etí yìnyín nígbà tó o bá fẹ́ jáde nínú omi.

Ẹlẹ́ńjìnì Àjàsẹ́, Calgary: Mo fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀. Kó yẹ apá abẹ̀bẹ̀ náà wò, etí iwájú ẹ̀ tí ègé yìnyín máa ń jẹ, àti ìdí ẹ̀. Yọ orí bátìrì kó o tó yí i lọ́wọ́. So igi kan mọ́ àgò irin tó yí abẹ̀bẹ̀ ká, kó o wo bí orí apá kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí igi náà. Tí ọ̀kan bá sún mọ́ ọn ju èkejì lọ, béèrè ìdí. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì bàálù, má fọwọ́ yí i rárá o! Mágínẹ́ẹ̀tò ẹ̀ lè tan iná láìsí bátìrì, abẹ̀bẹ̀ á sì gé èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Òmù-Àrán, Houston: Síbẹ̀, ẹ́ńjìnì bàálù ni kó mú. Ẹ́ńjìnì bàálù bíi Lycoming ò ní rédíétọ̀, atẹ́gùn ló ń mú un tutù. Ọ̀rọ̀ omi tó ń dì ò sí níbẹ̀.

Ọmọ Òró, Green Bay: Ẹ̀gbọ́n, èèyàn gbọ́dọ̀ mú òun náà gbóná kó tó tàn án láàárọ̀ òtútù. Ọ́ìlì tó ti ki kì í tètè dé ibi tó ń lọ, irin á máa ha irin. Ó sì gbọ́dọ̀ wá ẹni tó máa ti atẹ́gùn ìwọ̀n 80 psi wọ inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kó wo iye tó ń dúró níbẹ̀. Ta ni yóò bá a ṣe é ní Duluth kí aago méjìlá ọ̀la tó lù?

Ẹ̀gbọ́n Òmù-Àrán, Houston: Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó san nǹkan kan lọ́la.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ẹ dákẹ́ ná. Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a dúró?

Ọmọ Òró, Green Bay: Kò ní búréèkì. Kò ní rífáàsì. Atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ ló tún ń bá ìtọ́kọ̀ ẹ̀yìn ṣiṣẹ́, tó o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tó ń mú un sáré lórí yìnyín tó ń dán, ọkọ̀ ò ní gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu mọ́. Àwọn tó ń lò ó lórí yìnyín máa ń fi irin gbọọrọ sísàlẹ̀ ẹ̀ kó má baà máa yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àbúrò, wò ó bóyá tiẹ̀ ní in. Kó o sì wo wáyà tọ́tù: tí omi bá wọ inú ẹ̀ tó dì nígbà tó o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò ní padà.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Yéè! Ọmọ Ọlọ́fà, ra mọ́tò.

Àáfà Pákátà, Winnipeg: Kò jìnnà sí Bayfield ní Wisconsin. Kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń wa windsled níbẹ̀, ọkọ̀ tó ń fi abẹ̀bẹ̀ sáré lórí yìnyín bíi airboat. Nígbà tí yìnyín bá ti dí ọ̀nà ọkọ̀ ńlá, tí kò sì tíì nípọn tó láti gba mọ́tò, òun ni wọ́n fi ń gbé àwọn ọmọ ilé-ìwé wá láti Madeline Island. Ẹnu àwọn yẹn ni mo fọkàn tán.

Sísí Ìdòfìàn, Minneapolis: Tẹ́ ẹ bá máa gbowó lọ́wọ́ èrò, ẹ nílò ìwé àṣẹ awakọ̀ láti ọ̀dọ̀ Coast Guard, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú omi Amẹ́ríkà o. Ẹ wo nọ́ńbà ara ọkọ̀ pẹ̀lú, lẹ́yìn lápá ọ̀tún ló máa ń wà, lẹ́tà àti nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 12, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó bá ti inú ìwé mu. Tírélà náà ní ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má sì tìtorí pé ẹ ní airboat kẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ síbi tó bá wù yín. Àwọn DNR Minnesota, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó igbó àti omi, ní íǹṣì mẹ́rin yìnyín tuntun tó mọ́ gaara lèèyàn gbọ́dọ̀ rí kó tó fẹsẹ̀ rìn lórí ẹ̀, wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ọn pé kò sí yìnyín tó dáni lójú tán.

Ọmọ Ọlọ́fà, Duluth: Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Àsansílẹ̀ tí mo ti fi ránṣẹ́ yẹn ńkọ́? Ṣé mo lè gbà á padà?

Àáfà Pákátà, Winnipeg: Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà, ìjàkadì lorò yín. Ẹ fi ọjà rírà sílẹ̀ fún àwa ará Ìlọrin.

Ọmọ Ọlọ́fà, Duluth: Àáfà wa, Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀! Ẹnu dídùn yẹn ò mà bá yín gba owó ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ ará Florida o.

Ẹlẹ́ńjìnì Àjàsẹ́, Calgary: Ó bá wọn níbi tó dùn wọ́n!

Àáfà Pákátà, Winnipeg: Mo gbà fún ọ, ọmọ Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n Duluth yẹn, ṣé òtútù lẹ̀ ń pe èyí tó ń mú yín níbẹ̀? Wá sí Winnipeg lóṣù kìíní. Ẹ̀yin Houston ní tiyín, yìnyín inú fíríìjì nìkan lẹ mọ̀, ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níbí.

Ẹ̀gbọ́n Òmù-Àrán, Houston: Ooru ń mú mi, mo sì ń dúpẹ́.

Ọmọ Òró, Green Bay: Mo fi fídíò ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Òró, èmi rèé lórí adágún, tí mò ń rìn. Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ta ni mo rò pé mo jẹ́ tí mò ń rìn lórí omi, pé Jésù nìkan ni wọ́n gbọ́ pó ṣe é. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń pè láti mọ ibi tí mo dúró sí.

Sísí Ìdòfìàn, Minneapolis: Ìyá mi á wọkọ̀ òfurufú wá fà mí kúrò lórí ẹ̀ ni. Ẹja tẹ́ ẹ ń torí ẹ̀ ṣe gbogbo èyí, ṣé ó dùn tó ti Jẹ́bà?

Àáfà Pákátà, Winnipeg: Kò débẹ̀. Tí mọ́tò bá ti dúró ní Jẹ́bà, tí wọ́n na ẹja yíyan gbígbóná wọlé sí ọ látojú fèrèsé, tó o bu ata sí i, ṣé nǹkan kan wà ní Manitoba tó dà bí ìyẹn? Àsìkò ọyẹ́ báyìí tún ni. Ètè á ti máa gbẹ nílé.

Ọmọ Ọlọ́fà, Duluth: Ànàmọ́ Ọ̀fà ni èmi ń wá. Ti ibí ò dùn lẹ́nu mi rárá.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ta ló ń bọ̀ láti Ìlọrin lóṣù yìí? Kó bá mi mú wàrà, kí wọ́n dín in gbẹ dáadáa.

Sísí Ìdòfìàn, Minneapolis: Ìyá Ìbejì, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ onítọ̀hún ní Heathrow. Wọn kì í jẹ́ kí wàrà wọlé.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Kúlíkúlì ńkọ́?

Àáfà Pákátà, Winnipeg: Kúlíkúlì ò ní wàhálà. Àbúrò mi ọkùnrin ń bọ̀ ní London lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ní kó rà á ní Ọjà Ọba. Ẹ fi àdírẹ́sì yín ránṣẹ́ sí mi lọ́tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Òmù-Àrán, Houston: Tèmi náà ńkọ́, Àáfà?